Ijó Tí A Fi Ẹ̀yìn Ti Ara Wa Jó

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: òpùrọ́ ni mí. Gbogbo Ìlobù ló mọ̀. Ìyàwó mi tó ti dolóògbé mọ̀ kó tó fẹ́ mi. Mo ka ìwé dé kíláàsì kẹrin, mo sì fi iṣẹ́ bíríkìlà jẹun títí orúnkún mi fi kọ̀ mí sílẹ̀. Ẹnu nìkan ló ṣẹ́ kù tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo ti sọ ọ́ rí pé nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo jó débi pé adìẹ tó ń sàba fi ẹyin sílẹ̀ wá wòran, àkùkọ ló bá a sàba di ọjọ́ kejì. Mo ti sọ pé mo bá wọn kọ́ ilé kan tó ga tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé òòlù mi bọ́ láti orí rẹ̀ láàárọ̀, mo ti jẹ oúnjẹ ọ̀sán tán kó tó dé ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́, kò sì sẹ́ni tó dìde kúrò níbẹ̀.

Ti ijó yìí yàtọ̀. Bó ṣe rí ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Obìnrin oníjó kan ló wá mi wá. Òṣogbo ló ń gbé, ṣùgbọ́n Kútọnu ló ti kọ́ irú ijó tó ń jó, ijó tí kò ní ìlù, tí kò ní orin, tó jẹ́ pé mímí àwọn tó ń jó o ni ìlù rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa so ènìyàn méjì pọ̀ láti ibi méjì, ará ibí kan, ará Kútọnu kan, kí wọ́n jọ dá ijó tuntun sílẹ̀. Ó ní ijó kan kù tí wọn yóò lọ jó ní Kútọnu, tí òun fẹ́ kó jẹ́ ti àgbà, àgbà méjì tí ààlà wà láàárín ìlú wọn. Ó ti rí ọ̀kan ní Ìfọ́n. Wọ́n wá sọ fún un pé kó wá sí Ìlobù, pé bàbá kan wà níbẹ̀ tí ojú kì í tì.

Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó kí ilé, ó kí oko, ó kí orúnkún mi pàápàá. Mo bi í pé ààlà wo gan-an ló ń sọ, ṣé èyí tó wà láàárín àwa àti Kútọnu ni, àbí èyí tó wà láàárín àwa àti Ìfọ́n? Ó ní èyí tó súnmọ́ni. Mo ní ọmọ mi, ti Kútọnu rọrùn jù ú lọ, kọ́sítọ́ọ̀mù dúró níbẹ̀, èèyàn mọ ibi tó parí sí.

Ẹnìkejì mi, ará Ìfọ́n yẹn, jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi ọdún méjì jù mí lọ. Tíṣà ni mo ń pè é. Bàbá Onírọ́ lòun ń pè mí. Kíláàsì àtijọ́ kan tí ìjì ti ká òrùlé rẹ̀ lọ, lẹ́bàá ọ̀nà tó wà láàárín ìlú méjèèjì, ni a ti ń pàdé ní òwúrọ̀ gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, obìnrin náà mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà láti ògiri dé ògiri, ó ní kí a dúró sórí rẹ̀, kí a kẹ̀yìn síra wa. Èmi àti Tíṣà ò kẹ̀yìn síra wa. Ilẹ̀ ni a ń wò. Tíṣà ní ìlà náà ti jẹ wọ ọ̀dọ̀ tòun jù. Mo ní bíríkìlà ni mí, ojú mi ni ìwọ̀n, ọ̀dọ̀ tèmi ló jẹ wọ̀. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n mú okùn wá. Okùn wà lápò mi, mo yọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta la wọn ilẹ̀ náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la sì jiyàn. Obìnrin náà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, ó fọwọ́ lérán. Nígbà tó sú u, ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ nu ìlà náà rẹ́ pátápátá, ó ní ibi tí ẹ̀yìn wa bá ti pàdé ni ààlà.

Ijó náà kò ṣòro í sọ. Àgbà méjì á kẹ̀yìn síra, wọ́n á fi ẹ̀yìn ti ara wọn, wọ́n á máa rọra sọ̀kalẹ̀ títí ìdí wọn á fi kan ilẹ̀. Wọ́n á mí lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n á tún dìde bẹ́ẹ̀, láì fọwọ́ kan nǹkan kan, wọ́n á yí ká, ti ọ̀tún á bọ́ sí òsì. Ó tán. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò nílé. Ìwúwo yín ni ẹ máa kó fún ẹnìkejì, gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ ni èkejì lára, òun gan-an ló máa bì í ṣubú. Mo mọ̀ ọ́n nínú iṣẹ́ mi: pákó méjì tí ẹ fi ti ara wọn á dúró, ẹ yọ ọ̀kan, ẹ ti pa èkejì.

Oṣù méjì gbáko la fi ń ṣubú. Tíṣà máa ń gbé ìpara orúnkún wá, a ó fi ra orúnkún, kíláàsì á máa rùn bí ọsibítù. Bí a bá ń sinmi, ẹ̀yìn wa á ṣì fara ti ara wọn, èmi á máa purọ́ fún un. Ibẹ̀ ló ti mú àṣírí mi. Ó ní òun ti ń mọ ìgbà tí mo bá fẹ́ purọ́, pé ẹ̀yìn mi máa ń le díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní irọ́ ni. Ó ní, "Ẹ wò ó, ó tún ti le."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan a sọ̀kalẹ̀, a mí, a sì dìde. A kò ṣubú. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, mi ò rántí ìgbà tí ẹnìkan gbé mi dìde láì fà mí lọ́wọ́. Tíṣà nu ojú, ó ní eruku ni. Eruku wo ló wà níbi tí òjò ti rọ̀ mọ́jú?

Ó yẹ kí n pa ẹnu mi mọ́ lórí èyí. Dípò bẹ́ẹ̀, mo gbé e lọ sí ìsọ̀ ẹlẹ́mu. Wọ́n ń jiyàn lórí ilẹ̀ tó wà láàárín àwa àti Ìfọ́n níbẹ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe, mo rí i pé kò sẹ́ni tó ń wò mí. Mo ní, "Gbogbo ẹ̀yin tó ń pariwo, kí lẹ rí gbà? Ìdí lásán lèmi fi ń gba tèmi. Ọjọ́bọ̀ tí mo bá ti fi ẹ̀yìn ti tíṣà Ìfọ́n yẹn, tí a bá ti jókòó, màá fi ìdí ti ààlà wọ ọ̀dọ̀ wọn díẹ̀. Kó tó di ọdún tó ń bọ̀, ọjà Ìfọ́n á ti wà ní ẹ̀yìnkùlé mi." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹnìkan fi da ẹmu sára. Ọlọ́kadà kan gbé fóònù sókè. Mo rí i. Mo tilẹ̀ yí ojú sí i kí ó lè yà mí dáadáa.

Láti fóònù dé fóònù, ó ti dé Ìfọ́n kó tó di Ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n pe Tíṣà lẹ́yìn ìsìn, wọ́n bi í bí àgbà bíi tirẹ̀ ṣe ń bá ará Ìlobù jókòó sórí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e. Ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní òun sọ fún wọn pé ìdí mi ò lè gba àga, ká má tíì sọ ilẹ̀. Ó ní òun ò ní í fi ijó náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì rọ̀.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí ìjà fi dé. Mi ò ní í sọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹni tí ẹ bá bi ní ìlú méjèèjì ló mọ̀ ọ́n, ẹnì kejì ni. Ìró ìbọn, iná, èrò tó ru ẹrù sórí lọ sí Òṣogbo, ṣọ́jà lójú ọ̀nà, kónílé-ó-gbélé. Ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ fún àbúrò mi jóná. Mo mọ àwọn ilé tí mo kọ́ ní Ìfọ́n náà tó jóná, nítorí bíríkìlà kì í bèèrè ìlú lọ́wọ́ ẹni tó pè é síṣẹ́. Ilé Tíṣà lọ, tòun ti ìwé orúkọ gbogbo ọmọ tó kọ́ láti ọdún tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Òṣogbo.

Àwọn ènìyàn mi ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi ló fà á, pé ìjà yìí dàgbà jù mí lọ, ó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá mi. Mo gbà. Ṣùgbọ́n Tíṣà kò sọ fún mi rí ibi tí ọwọ́ tó tanná sí ilé rẹ̀ ti wá, bóyá láti ọ̀dọ̀ àwa ni, bóyá láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìfọ́n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi lórí fóònù. Èmi tí mo lẹ́nu tó báyìí, mi ò ní ẹnu tí mo lè fi bi í.

Nígbà tí ojú ọ̀nà là, obìnrin oníjó pe àwa méjèèjì sí gbọ̀ngàn kan ní Òṣogbo. Ọjọ́ tí a ó lọ jó o ní Kútọnu ti súnmọ́, ó sì ti parí gbogbo ètò. Tíṣà wá. Ó ti gbẹ sí i. A kí ara wa dáadáa, ó kí mi kú ewu, mo kí i kú ewu, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí n dìde, kí n má lọ fi orúnkún ṣe ara mi léṣe. A kò ní ìpara lọ́jọ́ náà.

A kẹ̀yìn síra. Mo ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí nítorí ọ̀rọ̀ ìsọ̀ ẹlẹ́mu yẹn."

Ó ní, "Mi ò bínú, Bàbá Onírọ́."

Ẹ̀yìn rẹ̀ le kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde.

Èèyàn tí kò purọ́ lójú mi rí ni. Mo kó ìwúwo mi fún un, kò kó tirẹ̀ fún mi. Ó ń gbìyànjú, mo gbọ́ bó ṣe ń mí, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ dúró gbọnin bí ògiri tí wọ́n ti rẹ́ tán, tí kò wá ẹni tí yóò fara tì. Mo yẹ̀, mo ṣubú. A tún un ṣe. Mo tún ṣubú. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta òun náà yíjú, ó fà mí lọ́wọ́ dìde, ó sì ní, "Ẹ má bínú. Ara mi ni kò gbà á mọ́." Èyí kì í ṣe irọ́.

Obìnrin náà ní kò burú. Ó ní a lè ya kálukú sí fídíò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí òun so wọ́n pọ̀. Èmi àti Tíṣà wo ara wa, àwa méjèèjì mi orí. Ní ìkẹyìn, ó fi ijó náà kọ́ àwọn ọ̀dọ́ méjì kan ní Kútọnu. Ó fi hàn mí lórí fóònù. Wọ́n lọ sílẹ̀, wọ́n dìde bí ẹni pé kò sí ohun tó rọrùn tó o.

Mo gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú ògiri ilé mi. Sísọ̀kalẹ̀ ṣeé ṣe. Ọmọ mi obìnrin ló ti ọjà dé bá mi nílẹ̀, ó gbé mi dìde, ó ń bi mí pé kí ni mò ń wá.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo yà sí ìsọ̀ ẹlẹ́mu. Wọ́n fún mi ní ìjókòó tó dára jù, wọ́n ní kí n sọ ti Kútọnu, ṣé mo jó débi tí òkun fi gbẹ. Mo la ẹnu. Mo wá irọ́ lábẹ́ ahọ́n, mo wá a ní ọ̀nà ọ̀fun.

Mo ní, "A ò lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fa ìjókòó súnmọ́ mi, wọ́n ń dúró de ìyókù.