Gààrí Kì Í Ṣe Oúnjẹ

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń na ọ̀pá sí káádíbọ́ọ̀dù kan lára ògiri kíláàsì mi ní Àgọ́-Ìwòyè. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ya àwòrán inú rẹ̀. Iṣu, ìrẹsì àti ẹ̀bà wà lókè: afúnnilókun nìyẹn. Ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja tẹ̀ lé e: amúaradàgbà. Ẹ̀fọ́, ọsàn àti ìbẹ́pẹ wà nísàlẹ̀: aṣaralóore. Òróró wà ní igun tirẹ̀. Àwọn ọmọ á máa ké e bí orin, èmi náà á máa mi orí, àfi bí ẹni tó gbọ́n.

Yèyé mi ń gbé ní Japara, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, nínú ilé tí bàbá mi kú fi sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún wa nílé ìwòsàn pé ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe é, èmi ni mo jókòó láàárín òun àti dókítà. Òyìnbó ni dókítà ń sọ, ó sì ń kánjú, nítorí èrò pọ̀ lẹ́yìn wa. Ó ṣàlàyé títí nípa àwọn oúnjẹ tó ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Mo yíjú sí yèyé mi, mo gé e kúrú.

"Wọ́n ní kí ẹ dín oúnjẹ kù, kí ẹ má sì fẹnu kan ṣúgà mọ́."

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?" Mo ní kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní òun gbọ́.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mi ò mọ̀ pé mo ti jù ú sílẹ̀.

Obìnrin tí kì í pa ìsìn àárọ̀ jẹ ni yèyé mi. Bó bá ti ní òun yóò ṣe nǹkan, ó ti ṣe é tán. Ó gbé agolo ṣúgà rẹ̀ fún aládùúgbò. Ní gbogbo Sátidé tí ọ̀kadà bá gbé mi dé Japara, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń bi í: "Yèyé, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ jẹun lánàá?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo."

Ohun tó sọ fún nọ́ọ̀sì náà nìyẹn, nọ́ọ̀sì sì yìn ín. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ṣúgà ń lọ sókè. Wọ́n fi kún oògùn rẹ̀. Ó ń rù. Bàtà ha á lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ó di egbò, egbò náà kọ̀, kò jinná. Inú bí mi. Mo wọ ilé ìdáná rẹ̀, mo ń ṣí ìkòkò kiri bí ọlọ́pàá tó ń wá ẹrù olè, mi ò rí iṣu, mi ò rí ìrẹsì. Mo ṣáà sọ fún un pé irọ́ ló ń pa fún mi. Títí di òní, ojú ń tì mí pé mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá tó bí mi.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdé kan, a tètè pa ilé ẹ̀kọ́ dé, mo sì gba Japara lọ láìsọ fún un. Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, ó gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún lé àpótí, abọ́ tánganran ńlá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gààrí ló kún inú rẹ̀, ó ti wú dé etí.

"Yèyé! Ẹ̀ ń jẹun!"

"Ta ló ń jẹun?" Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. "Gààrí ni mò ń mu."

Ó ń mu ún láàárọ̀, ó ń mu ún lọ́sàn-án, ó ń mu ún lálẹ́. Ẹ̀bà alẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀ẹ̀kan tó ń kà fún wa. Nígbà tí mo ní kó dín oúnjẹ kù, ẹ̀wà ló kọ́kọ́ fi sílẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀fọ́ àti ẹja, ó sì ń fi gààrí pa ebi tó kù. Kò fi ṣúgà sí i rí. Gààrí Ìjẹ̀bú wo ló ń wá ṣúgà?

Ta ni mo fẹ́ bá jà? Èmi fúnra mi, bí mo bá mu gààrí tán nílé ẹ̀kọ́ tí ẹnìkan bi mí bóyá mo ti jẹun, màá ní rárá. Gbogbo wa la mọ̀ pé mímu ni gààrí, pé jíjẹ lọ́tọ̀. Ẹ̀bà ni mo yà sára káádíbọ́ọ̀dù mi, mi ò ya abọ́ gààrí kankan.

Mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé pé gààrí tó ń mu àti ẹ̀bà tó ń kà sí oúnjẹ, ọ̀kan náà ni wọ́n, pé méjèèjì ló ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀.

"Ìwọ lo ní kí n dín oúnjẹ kù," ó wí. "Mo sì dín in kù."

Kò bínú. Ì bá sàn fún mi kó bínú.

Egbò náà jẹrà, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ náà ní ìsàlẹ̀ orúnkún. Dókítà ní a pẹ́ ká tó fi egbò náà han àwọn. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé.

Ní báyìí, èmi ni mò ń bu oúnjẹ fún un ní gbogbo Sátidé: ẹ̀wà díẹ̀, ẹ̀fọ́ púpọ̀, ẹja kan. Ó ń jẹ gbogbo rẹ̀ tán bí ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ. Ní Sátidé tó kọjá, oòrùn mú gan-an. Ó pè mí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ọmọ mi, oúnjẹ tí o ní kí n jẹ, mo ti jẹ ẹ́. Kí ni kí n wá mu?"

Mo bu omi fún un.