Ọjọ́ Tí Iyọ̀ Pọ̀ Jù Nínú Ẹran Ẹ̀gbọ́n Mi

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi. Ọjọ́ ìdíje ẹran sísun ní Sábó, nínú oṣù ààwẹ̀, kò lè kúrò lọ́kàn mi láé.

Èmi ni mo pa ewúrẹ́ náà. Ní gbogbo Rẹ́mọ, kò sẹ́ni tó mọ ọ̀bẹ lò tó mi. Ẹ̀gbọ́n mi Ràsákì ló sun ún. Bó bá ń gbààwẹ̀, Sámúẹ̀lì ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ onígbàgbọ́, ló máa ń tọ́ ẹran wò fún un. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, wọ́n ti fi Sámúẹ̀lì ṣe adájọ́.

Sámúẹ̀lì jẹ ẹran wa, ó sáré mu omi. Ó ní, "Ràsákì, iyọ̀ ti pọ̀ jù."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Inú bí ẹ̀gbọ́n mi. "Kèfèrí tó ti jẹun yó láti àárọ̀ ló ń bá mi sọ̀rọ̀ iyọ̀?"

Ojú Sámúẹ̀lì pọ́n.

Nígbà tí a ṣínu, ẹ̀gbọ́n mi fi ẹran náà sẹ́nu. Ó ní, "Mo fi iyọ̀ sí i nílé, mo tún fi sí i nídìí iná." Ó bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ bẹ Sámúẹ̀lì nílé rẹ̀ ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́ nínú ìlú wa. Ó fún wa ní àga. Ó ní, "Mo ti dárí jì ọ́, Ràsákì. Àmọ́ má pè mí wá tọ́ ẹran wò mọ́."

Kò sì wá mọ́, títí ẹ̀gbọ́n mi fi kú.

Ohun tí a pàdánù nìyí: ewúrẹ́ kan, ife-ẹ̀yẹ kan, ọ̀rẹ́ kan.