Ó Rẹ̀ Mí, Kì í Ṣe Irọ́

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ mi. Etí ni mo fi kó wọn jọ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní Ṣàngó nílùú Ìlọrin, níbi tí oníbàárà kan ti ń sọ̀rọ̀ bí ará Ọ̀mù-Àrán, tí èkejì ń dá a lóhùn bí ọmọ Ìlọrin gan-an. Mo mọ̀ pé òjòjò yàtọ̀ sí àìsàn lásán: òjòjò a máa pẹ́ lára, a máa fa ènìyàn lọ, a sì tún máa fà á bọ̀. Mo ti bi áfáà ilé kéwú kan rí nípa àlàáfíà, ó ní ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ló ti wá, ìlera ara ló sì jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n lé obìnrin kan kúrò níbi iṣẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tó sì jẹ́ pé òun ló sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ, inú bí mi ju bí mo ṣe lè pa á mọ́ra lọ.

Àbúrò mi obìnrin, òṣìṣẹ́ ìjọba, ló gba obìnrin náà. Àdúgbò Adéwọlé ni àbúrò mi ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti àwọn ìbejì wọn tí ẹsẹ̀ wọn kò tíì ranlẹ̀. Náànì ni gbogbo ilé ń pe obìnrin náà, bí ẹni pé wọn kò sọ ọ́ lórúkọ rí. Àdúgbò wa níhìn-ín ló ń gbé, èmi ni mo sì mú un lọ, nítorí náà ojú mi ni wọ́n ti ṣe àdéhùn. Àbúrò mi sọ fún un pé, "Bó bá rẹ̀ ọ́, pè mí láàárọ̀, kí o dúró sílé. Mi ò ní yọ ọ́ nínú owó rẹ." Mo yìn ín fún un, torí ọ̀pọ̀ kì í gbà bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí kò sí nínú àdéhùn náà. Líìfù kò sí, ọjọ́ ìsinmi kankan kò sí. Ọjọ́ Iléyá, ó ń gbé ọmọ kí ìyá wọn lè rí ojú gba àlejò. Nígbà tí àwọn ìbejì wá bẹ̀rẹ̀ sí í hu eyín, bí Táyé bá dákẹ́, Kẹ́hìndé á gbà á, Náànì á sì pọn èyí, á gbé ìyẹn sápá, títí ìyá wọn yóò fi ti ibi iṣẹ́ dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i lọ́dọ̀ onídìrí tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi. Orí rẹ̀ wà ní itan onídìrí, ó ń sùn, ìyẹn sì ń bú u pé orí rẹ̀ ń yẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Irun yẹn ti wà lábẹ́ síkáàfù láti ìgbà Àjíǹde. Kò pẹ́ ni kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan dúró. Àbúrò mi ló bọ́ sílẹ̀, ó pọn ọmọ kan, ó gbé ọmọ kan, ó fẹ́ fi wọ́n sọ́dọ̀ mi kó tó lọ sí ọ́fíìsì. Ó yíjú, ó rí Náànì.

"O ní ó rẹ̀ ọ́. Àbí orí rẹ ló ń ṣàìsàn tí wọ́n fi ń dì í?"

Náànì dìde pẹ̀lú ìdajì irun. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Mi ò wí pé àìsàn ń ṣe mí. Mo ní ó rẹ̀ mí. Ó sì rẹ̀ mí."

Òótọ́ pọ́nńbélé ni. Bí wọ́n bá ní ó rẹ Bàbá, oògùn ni à ń wá. Bí ẹni tó ti oko dé bá ní ó rẹ òun, omi àti ẹní ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àbúrò mi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ó sì fẹ́ kí apá kan rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ kí èkejì kú. Ó pè é ní òpùrọ́ lójú gbogbo ẹni tó ń kọjá, ó ní kó má wá mọ́. Onídìrí ní, "Hájíà, ẹ jẹ́ kí n parí ìyókù o, kò lè gbé ààbọ̀ orí wá iṣẹ́ mìíràn." Àbúrò mi kò rẹ́rìn-ín.

Mo fà á wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Mo bi í léèrè bóyá ó rántí ọjọ́ fìdáù ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó dúró síbi tó dúró sí yìí, tó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀, tó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù pé òun kò lè gbérí, tó sì ń fọwọ́ júwe ibi tí mo máa fún nínú aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ síbẹ̀. Ó ní ìyẹn yàtọ̀. Ọ́fíìsì kì í sunkún. Mo gbà pé ọmọ kì í ṣe aṣọ téèyàn lè ká sílẹ̀, ó sì yẹ kí Náànì ti sọ ọ́ lálẹ́ àná. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ tọrọ ohun tí kò lórúkọ nínú àdéhùn? Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni wọ́n ṣí fún un, wọ́n wá ń bú u pé ibẹ̀ ló gbà jáde. Mo ní kó pè é padà, kó yan ọjọ́ kan fún un tí yóò jẹ́ tirẹ̀, yálà ara le tàbí kò le. Ó ní mo ti ń ba àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ jẹ́.

Náànì ṣì ń wá iṣẹ́ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Àbúrò mi ti rí ẹlòmíràn. Mo débẹ̀ lọ́jọ́ tó ń sọ òfin ilé fún un: "Bí àìsàn bá ṣe ọ́, àìsàn gidi, tí ibà tàbí èébì wà níbẹ̀, kí o pè mí. Mi ò sọ pé bó bá rẹ̀ ọ́ o." Ó wò mí bí ẹni tó ń retí kí n yin òun pé òun ti tún ọ̀rọ̀ òun ṣe.

Mo ní, "Tó bá wá rẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

"Kí ló máa rẹ̀ ẹ́? Ṣebí inú ilé ló jókòó sí."

Ọmọ kan wà léjìká obìnrin náà, èkejì di ìró rẹ̀ mú. Orí ìdúró ló ti dáhùn pé òun ti gbọ́.