Bí A Ṣe Fa Iṣẹ́ Ọkọ̀ Ológun Mẹ́rin Gùn

Òórùn irin jíjó kì í tètè kúrò lára aṣọ. Ìyàwó mi máa ń ya aṣọ iṣẹ́ mi sọ́tọ̀ nígbà náà, á ní bí òun bá fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ti àwọn ọmọ, gbogbo ilé ni yóò máa rùn bí ilé alágbẹ̀dẹ. Ẹ̀yìn ìlú Òṣogbo ni ilé-iṣẹ́ wa wà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Iléṣà, níbi tí a ti ń fi irin tó nípọn bo ọkọ̀ fún àwọn ológun kí ọta ìbọn má baà wọ̀ ọ́. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ rò pé ipò kékeré ni lójú ara mi. Mo ní fáìlì kan tí mo máa ń há sí abíyá, kódà bí mo bá ń lọ jẹun, ó wà ní abíyá mi. Bí ọ̀rọ̀ bá kàn mí nípàdé, mo máa ń kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí gbogbo ilé lè dákẹ́. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Jórinjórin àgbà kan wà láàárín wa, ará abúlé kan lẹ́bàá Ìperindó ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Bàbá la máa ń pè é. Òun ló kọ́ èmi àti ọ̀pọ̀ àwọn tó kù bí a ṣe ń jó irin méjì pọ̀ tí kò fi ní sí àlàfo kankan láàárín wọn. Bí ó bá jó o tán, á fi òòlù kékeré gbá a, á tẹ́tí sí i, bí dídún rẹ̀ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń fún un, nítorí ilẹ̀kùn ló le jù. Ó ku oṣù mélòó kan kó fẹ̀yìn tì.

Ìgbà yẹn ni ìròyìn dé láti Àbújá pé ìjọba ti gé owó ìṣúná àwọn ológun. Mánéjà pè wá jọ sí àgbàlá, ó ní ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ní ká ṣe lọ́dún náà, wọ́n ti fagi lé e. Mẹ́rin tó wà nílẹ̀ lọ́wọ́ wa nìkan ló kù. Bí a bá ti parí wọn, òun kò mọ ohun tó kàn. Ó nu ojú rẹ̀, ó padà sí ọ́fíìsì. Gbogbo wa dúró sójú kan bí ẹni tí òjò ká mọ́ ojú ọ̀nà. A mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí: iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ìpàdé ẹgbẹ́ wáyé lọ́jọ́ kejì, nínú yàrá tí a ti ń jẹun. Èmi ni mo mú àbá náà wá, n kò lè dà á lé ẹlòmíràn lórí. Mo wúkọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, mo ní bí ọkọ̀ mẹ́rin yìí kò bá tán, wọn kò lè ti ilé-iṣẹ́ pa, wọn kò sì lè lé ẹni tí iṣẹ́ ṣì wà níwájú rẹ̀. Kí a rọra máa ṣe é. Iṣẹ́ ọjọ́ kan, kí a fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe é, títí owó ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ yóò fi jáde. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Alága ní orí mi pé. Mo rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà bí ẹni tó gba ìlú là.

Bàbá nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó dìde lẹ́yìn, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe é báyìí. Àwọn tó ń retí ọkọ̀ yìí wà níbi tí ìbọn ti ń dún."

Alága dá a lóhùn pé, "Bàbá, ẹ̀yin ti fẹ́ fẹ̀yìn tì. Àwa la máa wáṣẹ́ kiri."

"Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn jà l'Ábújá, màá tẹ̀ lé yín débẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó wà lọ́wọ́ mi, màá parí ẹ̀."

Ó sì ń parí wọn lóòótọ́. Nígbà tí àwa ń ti irin kan ṣoṣo káàkiri láti àárọ̀ di ọ̀sán, tí a ń fọ ọwọ́ tí kò dọ̀tí, Bàbá ń jó irin. Nígbà tó ṣe, mánéjà bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá pé kí ló dé tí ọwọ́ arúgbó fi yá ju ti ọ̀dọ́ lọ. Ojú tì wá, ìtìjú náà sì di ìbínú. Ẹgbẹ́ pinnu láti yọ orúkọ Bàbá kúrò. Èmi ni mo kọ ìwé náà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde pé ó ti di ọ̀dàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bá a jẹun, kí ẹnikẹ́ni má bá a gbé irin. Mo fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ̀dàlẹ̀ yẹn, mo tún fa ìlà sí i nídìí. Bàbá kà á tán, ó wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́. Ilẹ̀kùn kan máa ń gba ọkùnrin mẹ́ta kó tó ṣeé gbé. Láti ọjọ́ náà, ńṣe ló ń ti igi bọ abẹ́ rẹ̀, tó ń dá a yí díẹ̀díẹ̀. Mo dúró, mo ń wò ó. N kò ràn án lọ́wọ́.

Kò tó oṣù mẹ́ta tí àwọn ológun fi kó tírélà wá, wọ́n gbé ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ bí wọ́n ṣe wà. Wọ́n ní a ti pẹ́ jù, àwọn máa lọ parí wọn níbòmíràn. Méjì kò tíì ní òrùlé. Ilẹ̀kùn nìkan ló pé lára gbogbo wọn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ míì ì bá wá ká ní a yára. Owó tí wọ́n gé ti gé. Ó lè jẹ́ pé bákan náà ni ì bá rí. Mo ti rò ó títí, ó ti sú mi.

Àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Àbẹ̀rẹ̀ ni mò ń lọ láràárọ̀ báyìí, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, lábẹ́ àwọn ọ̀gá tí mo fi ọdún púpọ̀ jù lọ. Lọ́dún tó kọjá ni mo wọkọ̀ lọ sí Iléṣà, mo gun ọ̀kadà dé abúlé Bàbá. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé mo máa lọ tọrọ àforíjì. Mo bá a níwájú ilé, ó ń sá kòkó. Ó dá mi mọ̀ kíá, ó pè mí ní Akọ̀wé, ó béèrè àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan gbé omi wá fún mi láti inú ilé, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀. Bàbá ní àbíkẹ́yìn òun ni, ó ti fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, apá Maiduguri, lójú ogun, ló wà láti ìgbà tó ti wọṣẹ́ títí tó fi kúrò.

N kò lè mu omi náà mọ́. Mo gbé e sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa nípàdé ọjọ́ yẹn?"

"Bí mo bá sọ, ẹ máa ní torí ọmọ mi ni."

"Ṣé torí ẹ̀ kọ́ ni?"

Ó fọwọ́ tú kòkó náà ká, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Torí ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n mi ò mọ èwo nínú ọkọ̀ yẹn ló máa wọ̀, ni mo ṣe fẹ́ parí gbogbo ẹ̀."

Ó ní kí n dìde, ọ̀rọ̀ ti tán. Ó dárí jì mí wẹ́rẹ́, bí ẹni pé n kò ṣẹ̀ ẹ́ rí. A jọ jẹun, a sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi rọlẹ̀, ọmọ náà ń lọ, ó ń bọ̀ níwájú mi. N kò béèrè ohun tó ṣe é lẹ́sẹ̀, àti ìgbà tó ṣe é. Mo ti padà lọ kí wọn lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò tíì béèrè.