Ọ̀pá Gọ́ọ̀fù Ràmọ́nù Olóòǹtẹ̀

Iṣẹ́ òǹtẹ̀ ni Ràmọ́nù ń ṣe ní Ṣómólú. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń gbẹ́ lẹ́tà sára rọ́bà lódì, kí ó lè jáde bó ṣe yẹ nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nǹkan tó kọjú sódì ni ojú rẹ̀ ń rí. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, torí pé nínú gbogbo èèyàn tó wà l'Ékòó, òun ni kò yẹ kó ṣe ohun tó lọ ṣe ní Onípánù.

Àbáyọ̀mí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Akọ̀wé ni Àbáyọ̀mí ní ọ́fíìsì kan lódìkejì ọ̀sà, ọ̀gá rẹ̀ sì ti kó o wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù. Ọjọ́ tó wá gba òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ náà, ó ròyìn pápá wọn títí: koríko tútù tó lọ salalu, tí kò sí ọ̀dá omi, tí kò sí jẹnẹrétọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní pariwo mọ́ ọ. Ràmọ́nù, tí ọjọ́ ayé rẹ̀ ti pin sáàárín ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ti kẹ̀kẹ́, kò lè sùn dáadáa mọ́. Ó wù ú kó tẹ koríko yẹn, àní ẹ̀ẹ̀kan péré.

“Mú mi dání, Yọ̀mí.”

“Lọ wá ọ̀pá tìẹ. Mo máa wá wò ẹ́ ní Sátidé. Tó o bá lè gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo kó lọ tààrà, a jọ ń lọ ní Sọ́ńdè nìyẹn. Tí ò bá lọ, ó yá, jókòó sílé ẹ. Ọ̀gá mi máa wà níbẹ̀, mi ò fẹ́ díṣígíréèsì.”

Bí Ràmọ́nù ṣe gba Onípánù lọ nìyẹn, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀. Ọ̀pá gọ́ọ̀fù kún inú àgbá kan níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ nípa eré yìí, yóò di ọ̀pá mú, yóò dúró bí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, yóò wò ó bóyá ó gùn jù tàbí ó kúrú jù. Ràmọ́nù kò ṣe gbogbo ìyẹn. Páádì íńkì ló yọ lápò. Ó fi ojú irin ọ̀pá kan, tí wọ́n gbẹ́ ìlà sí, tẹ íńkì, ó sì lù ú mọ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀, gbà!

“Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ wá ń ṣe báyìí?” Ẹnu ya ọlọ́jà.

“Mò ń yẹ ojú ẹ̀ wò ni. Ojú tí ìlà ẹ̀ ò bá jáde, ó ti gbó.”

Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ló ti gbó lóòótọ́. Àmọ́ mẹ́rin kan wà nísàlẹ̀ àgbá tí ìlà wọn jáde kedere, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò fi wọ́n gbá nǹkan rí. Kíá ni ọlọ́jà ti so wọ́n pọ̀. “Ẹ̀yin lẹ mọ nǹkan í yàn!” Ràmọ́nù kò béèrè ìdí tí ẹnì kankan kò fi fọwọ́ kàn wọ́n rí. Ó kàn gbé wọn lé èjìká, ó ń yan bí ológun.

Pápá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Abúlé Òkúta ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n dánra wò. Ó dúró bí àwọn tó rí lórí fóònù, ó fì í, afẹ́fẹ́ ló gbá. Ó tún fì í, afẹ́fẹ́ náà ni. Nígbà tí ọ̀pá wá kan bọ́ọ̀lù, ẹ̀gbẹ́ ni bọ́ọ̀lù yà sí, ó bà lé páànù ṣọ́ọ̀bù Ìyá Leah tó ń ta ẹja yíyan. Ìyá Leah já síta pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́: “Ta ló ń sọ òkò lù mí?”

Kí ọ̀sẹ̀ tó dé ìdajì, Bàbá Afẹ́fẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyá rẹ̀ gan-an, Alhaja Sàwúdátù, kò ṣàánú rẹ̀. Nígbà tí iná lọ, ó ké sí i láti yàrá: “Ràmọ́nù, wá gbá bọ́ọ̀lù ẹ níbí, ooru ń mú mi!” Ràmọ́nù rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ó dùn ún wọnú egungun.

Sátidé pé. Àbáyọ̀mí dé. Alhaja gbé àga wá sí etí pápá pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀, torí pé ilé tí ọkọ rẹ̀, bàbá Ràmọ́nù, kọ́ kó tó kú kò jìnnà, ẹ̀yìn ògiri pápá náà ló wà. Ràmọ́nù gbé ọ̀pá sókè, ó fì í, ó gbá afẹ́fẹ́. Ó tún fì í, bọ́ọ̀lù yà sí ẹ̀gbẹ́, Ìyá Leah sì tún pariwo.

“Ọ̀rẹ́ mi, jókòó sílé,” ni Àbáyọ̀mí wí. Ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀ láti bá a gbé e, ló bá wo irin orí rẹ̀. Ó tún wò ó. Ẹ̀rín gbé e ṣubú sórí koríko.

“Ràmọ́nù! Ọ̀pá ọlọ́wọ́ òsì lo rà! Ojú ẹ̀ kọ sódì! Ìwọ olóòǹtẹ̀!”

Ràmọ́nù kò rẹ́rìn-ín. Alhaja náà kò rẹ́rìn-ín, tẹ̀sùbáà rẹ̀ dúró. Ọwọ́ òsì ni Ràmọ́nù ń lò nígbà tó wà lọ́mọdé. Ìyá rẹ̀ fi ata ra ọwọ́ náà, ó fi àkísà dì í, ó ń gbá a lójoojúmọ́ títí ọwọ́ náà fi gbàgbé iṣẹ́. Ohun tí ìyá gbogbo ń ṣe nígbà náà nìyẹn.

Ràmọ́nù gba ọ̀pá padà. Ó yí ara rẹ̀ sódì.

Alhaja dìde. “Ràmọ́nù! Kí lo fẹ́ fọwọ́ yẹn ṣe lójú gbogbo ayé? A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni!”

“Màámi, ẹ má bínú. Ilé bàbá mi kọ́ ni mo fẹ́ júwe. Bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ gbá.”

Ó fì í. Páì! Bọ́ọ̀lù dìde láti ilẹ̀, ó lọ tààrà, ó gba orí ògiri pápá kọjá, wọn kò rí i mọ́. Ràmọ́nù fúnra rẹ̀ bẹ̀rù. Ìyá Leah, tó ti ń dúró de òkò níwájú ṣọ́ọ̀bù, kò rí òkò kankan.

“Ìdájí Sọ́ńdè,” ni Àbáyọ̀mí wí, “kí n bá ẹ lẹ́nu ọ̀nà.”

Ojú Alhaja kò ríran jìnnà mọ́. “Ibo ló bọ́ sí?” ló béèrè. Ràmọ́nù yára gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fà, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, níbi tí ìlà íńkì ti Onípánù kò tíì ṣí kúrò. Ó fi àtàǹpàkò nù ún díẹ̀.

“Èyí ni kó o fi júwe ẹ̀ fún mi,” ló wí.

Ràmọ́nù na ọwọ́ òsì gbọọrọ, ó nà án sí òrùlé ilé bàbá rẹ̀.