Táàgì Ni Wọ́n Ń Jà Sí, Ìbéèrè Mi Ò Rí Olùdáhùn

Àwọn méjì tí mi ò mọ̀ rí ti ń jà lórí ìbéèrè mi láti àárọ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa ní Ìkẹ́rẹ́ ní kí n ṣa orúkọ àwọn òbí jáde nínú fáìlì kan, kí n fi oyè sílẹ̀. Ẹ mọ̀ wá. "Dókítà Olóyè Díákónì" ló ń ṣáájú orúkọ ẹnì kan ṣoṣo.

Regex ni wọ́n fi ń ní kí kọ̀ǹpútà ṣa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n kọ dáadáa, mo bá bèèrè lórí ìkànnì àwọn tó mọ̀ ọ́n. Mo fi táàgì "regex" sí i, ìyẹn àmì tó ń sọ ohun tí ìbéèrè dá lé.

Ẹnì kan yọ ọ́, ó fi "regex-group" síbẹ̀. Ẹnì kejì ní "lookbehind" ló tọ́, pé "group" ń mú ọ̀rọ̀, "lookbehind" kàn ń wo ohun tó ṣáájú rẹ̀ ni. Ẹni àkọ́kọ́ tún dá tiẹ̀ padà.

Mo kọ ọ́ sí ẹni àkọ́kọ́ yìí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀. Kí ni ìdáhùn?"

Ó ní, "Mi ò mọ ìdáhùn. Táàgì nìkan ni mò ń tún ṣe."

Àwọn alábòójútó ìkànnì sì ti ìbéèrè mi pa nítorí ìjà àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó lè dáhùn ún mọ́.

Ọ̀gá yọjú. "Mò ń lọ ulé o. Orúkọ dà?"

Ọwọ́ ni mo wá fi ń pa oyè rẹ́ báyìí. Orúkọ ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kàn, torí ọmọ tiẹ̀ náà wà nílé-ìwé wa. Oyè mẹ́rin ló wà níwájú rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, èwo lẹ máa kọ́kọ́ yọ?