Oúnjẹ Àlejò

Bí mo bá rí abọ́ tí wọ́n fi ọmọrí dé, ọ̀gá mi obìnrin níbi iṣẹ́ wa ní òpópónà River Road ló ń wá sí mi lọ́kàn. Nílé rẹ̀, ó máa ń bu oúnjẹ sílẹ̀ fún àlejò tí kò retí. Èmi ni mo sì máa ń jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe nínú ètò kọ̀ǹpútà tí a jọ kọ: ó fi àyè sílẹ̀ fún irú fáìlì tí a kò tíì rí rí. Mo ní ìfàyèṣòfò ni, mo bá yọ àyè náà láìsọ fún un.

Ní Mọ́ńdè, oníbàárà kan gbé fáìlì àjèjì dé, ètò wa sì dákú lójú rẹ̀.

Ọ̀gá bọ́ awò ojú, ó wò mí. "Ṣé o tún ti jẹ oúnjẹ àlejò?"